Orúnkún Zakariyah

Ọjọ́ Ẹtì ni Tiwalọlá máa ń wọ ọkọ̀ láti Ifọ̀n padà sí Ọ̀wọ̀, nítorí pé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ifọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé bàbá rẹ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ tó pàdé Zakariyah, ìjókòó ẹ̀yìn nìkan ló ṣẹ́kù nínú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, tó sì gbé píọ́wọ́tà tó ti dì lé orúnkún. Ọkọ̀ kò tíì kúrò nílùú dáadáa tí yìnyín náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tí omi ń ṣàn sórí síkẹ́ẹ̀tì Tiwalọlá.

“Ẹ má bínú, àǹtí,” ni ọmọkùnrin náà wí. “Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò.”

“Tí ẹ bá gbé e kúrò, kí ló máa ṣe orúnkún yẹn?”

“Á máa wú sí i.”

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà náà. Omi lásán ni.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n tó dé Ọ̀wọ̀, Tiwalọlá ti mọ̀ pé Zakariyah ni orúkọ rẹ̀, pé àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí, pé Hàmídù bàbá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ kó tó kú, àti pé Lábísí ìyá rẹ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn aránṣọ tó kù. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi í sí, níwájú aṣọ́lé, láti dènà àwọn tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ó ti gbá a ní Ìlọrin kí ẹsẹ̀ tó dùn ún, ó sì ti padà wálé. Ẹgbẹ́ kékeré kan ní Ifọ̀n ló ń bá ṣeré báyìí.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Zakariyah ti gba àyè sílẹ̀ dè é nínú ọkọ̀. Nígbà tó yá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé gáréèjì nínú wọn ló ń gba àyè fún èkejì. Wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n ṣíwọ́ pípe ara wọn ní ẹ̀yin. Ní ọjọ́ kan Tiwalọlá ṣàdédé gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé, “Ìwọ náà, jẹun ná,” kò sì dà bíi pé nǹkan kan yí padà.

Ìdógùn ni Zakariyah ti sọ ọ̀rọ̀ orúnkún fún un. Ọ́fíìsì rán Tiwalọlá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ Zakariyah lọ bá àwọn ọmọ ìlú náà gbá bọ́ọ̀lù, nígbà tí eré sì parí, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Òjò fẹ́ rọ̀. Zakariyah na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó sì ń tẹ ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan.

“Tí mo bá yí sí òsì lójijì,” ni ó wí, “ó máa ń dà bíi pé nǹkan kan fẹ́ já nínú rẹ̀. Dókítà tó wò mí ní Ìlọrin ní tó bá fi lè já, n kò ní rìn dáadáa mọ́.”

“Ta ló mọ̀?”

“Màámi. Ìwọ náà ti wá mọ̀ báyìí.”

“Kí ló wá dé tí o ṣì ń gbá a?”

“Níbi yòókù tí mo bá dé,” ni ó wí, “ọmọ Hàmídù aránṣọ ni mí. Orí pápá nìkan ni wọ́n ti ń pe orúkọ tèmi. Ẹgbẹ́ ńlá Ọ̀wọ̀ ti ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì wọn gbá a, kí wọ́n wò mí. Tiwa, má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“N kò ní sọ.”

Ó rọrùn fún un láti sọ nígbà náà. Òjò dé, wọ́n fara mọ́ ògiri, Zakariyah sì fi ẹ̀wù eré rẹ̀ bò ó lórí.

Àárín ẹgbẹ́ Ọ̀wọ̀ yìí gan-an ni wàhálà wà. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, bàbá Tiwalọlá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni alága àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Aṣọ́lé ni nígbà èwe rẹ̀. Bí ó ti ń jókòó ní ìlà iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ náà ló ń jókòó sí pápá ìṣeré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kóòṣì fúnra rẹ̀ sì máa ń wo ojú rẹ̀ kó tó pinnu ẹni tí yóò mú. Inú ilé yìí ni Tiwalọlá ti fẹ́ mẹ́nu kan Zakariyah.

Fúnmiọlá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún. Ìyá náà gbọ́ ọ títí, ó kó ẹ̀pà tó ń pa sílẹ̀, ó ní, “Mùsùlùmí. Agbábọ́ọ̀lù. Ṣé o ò lè mú ọ̀kan kí o fi ọ̀kan sílẹ̀ ni?” Síbẹ̀ òun ló gbé e dé etí ọkọ rẹ̀.

Olúgbádé kò pariwo. Ó pe Tiwalọlá sí pálọ̀, ó ní kó jókòó.

“Ti ẹ̀sìn,” ni ó wí, “ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò màmá mi Mùsùlùmí ni, a sì jọ ń jẹun. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti wo àwọn agbábọ́ọ̀lù láti ìgbà tí mo ti dáyé. Mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń parí. Ẹni tí ìlú ń gbé lé èjìká lónìí, tó bá di ọdún díẹ̀, wàá rí i ní gáréèjì tó ń tiro, tó ń bẹ awakọ̀ kí wọ́n gbé òun dé ìsàlẹ̀. N kò ní fi ọmọ mi fún ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.”

“Dádì, ẹ ò tíì rí i rí.”

“N kò fẹ́ rí i.”

Bọ̀dá Gbọ́lá, àbúrò bàbá rẹ̀, ni Tiwalọlá sá lọ bá. Olùkọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń wọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Ọkùnrin yìí lọ sọ́dọ̀ Lábísí kó lè mọ irú ilé tí ọmọkùnrin náà ti wá, ó tún padà wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀. Níkẹyìn ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù lẹ mọ̀. Wọn yóò wò ó nínú eré ẹgbẹ́ kejì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ wò ó. Bí ẹ bá ti wò ó tán tí ẹ ṣì ní rárá, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.”

Olúgbádé ro ó. “Ẹni tó bá ń gbá ẹ̀yìn kò lè fi ìwà rẹ̀ pa mọ́ fún mi,” ni ó wí. “Màá wò ó. Tiwalọlá yóò sì jókòó tì mí.”

Èèyàn kì í pọ̀ níbi eré ẹgbẹ́ kejì. Àwọn tó bá wá ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, wọn kì í wá hó, wọ́n ń wá ṣèdájọ́ ni. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì kan láti Àkúrẹ́ ni Ọ̀wọ̀ gbà lálejò. Lápá ọ̀tún Olúgbádé ni Jamaldeen jókòó sí, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà. Ní ẹ̀yìn wọn ni Bàbá Ògúnyẹmí wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ̀ pé ọmọbìnrin tó jókòó ti alága ní nǹkan ṣe pẹ̀lú dìfẹ́ńdà tuntun náà.

“Ó ga,” ni Jamaldeen kọ́kọ́ wí.

“Gíga kọ́ là ń wá,” Bàbá Ògúnyẹmí dá a lóhùn. “Èyí tó kọjá náà ga. Ṣé ó lè ka eré?”

Ó lè ka eré. Nínú àbọ̀ kìíní, kí bọ́ọ̀lù tó dé ibikíbi, Zakariyah ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Ó ń nawọ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń tò wọ́n. Lẹ́ẹ̀kan tí atamátàsé àwọn ará Àkúrẹ́ já bọ́, tí gbogbo wọn rò pé ó ti wọlé, Zakariyah kàn fi èjìká sáàárín òun àti bọ́ọ̀lù, ó gbà á, ó sì gbá a fún aṣọ́lé wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Ẹ rí i bó ṣe gbà á?” ni Jamaldeen wí. “Kò fẹsẹ̀ kan ọmọ náà rárá.”

“Ó fi ọpọlọ gbá a,” ni Bàbá Ògúnyẹmí wí, kò sì wí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìyìn ńlá nìyẹn.

Olúgbádé mí kanlẹ̀. “Kò kánjú,” ni ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ọmọ tó ní sùúrù ni.” Tiwalọlá wo ilẹ̀ kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, ó rí ìgbéyàwó rẹ̀ bí ẹni tó rí ilé láti òkèèrè.

Nígbà tí wọ́n padà dé fún àbọ̀ kejì, kóòṣì Àkúrẹ́ gbé ọmọ kan tó ń sáré bí afẹ́fẹ́ kúrò ní igun kan, ó gbé e sí igun kejì, apá òsì Zakariyah. Ọmọ náà gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ó tún gba ibẹ̀ kọjá. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, dípò kí Zakariyah yí sí òsì kó tẹ̀ lé e, ọ̀tún ló ń yí gbà, tó ń yí po kó tó kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù lọ, ọmọ náà a sì ti jìnnà.

Jamaldeen bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó bó ṣe ń yí. Bíi lọ́rì tí kò ríbi yí orí.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. “Ọ̀lẹ ni,” ni ẹnì kan wí. “Ó ti rẹ̀ ẹ́.”

“Kò rẹ̀ ẹ́,” ni Bàbá Ògúnyẹmí wí. “Ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ti rí irú rẹ̀. Wọn yóò dára títí ẹnì kan yóò fi sáré lù wọ́n.”

“Kí wọ́n dá a padà sí Ifọ̀n,” ni Jamaldeen wí.

Ọ̀rọ̀ wọn ń bọ́ lu Tiwalọlá bí òkò. Ó fẹ́ dìde kó sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ojo. Ọmọ Àkúrẹ́ náà tún ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Zakariyah, tó ti gbọ́ ẹ̀rín náà bóyá, yí sí òsì. Ó gba bọ́ọ̀lù náà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Tiwalọlá rí bó ṣe tẹ̀ síwájú, tó dúró, tó tọ́ ẹsẹ̀ náà wò kó tó fi lélẹ̀.

Olúgbádé náà rí i. Kò pàtẹ́wọ́. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ dé ibi tí ẹlòmíì kò lè gbọ́.

“Orúnkún ni, àbí?”

Ojú Tiwalọlá ṣì wà lórí pápá.

“Tiwa. Tó bá tún yí bẹ́ẹ̀ yẹn, ó lè má dìde. Mo ti wà lórí pápá nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe dún. Ṣé o mọ nǹkan kan?”

Ọmọ Àkúrẹ́ náà tún ti gba bọ́ọ̀lù. Zakariyah ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ń múra àtiyí sí òsì lẹ́ẹ̀kejì.

“Dókítà ti ní tó bá já, kò ní rìn dáadáa mọ́,” ni Tiwalọlá wí. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n mú un jáde.”

Bàbá rẹ̀ dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá kóòṣì. Wọn kò sọ̀rọ̀ pẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé pátákó nọ́ńbà sókè, nọ́ńbà Zakariyah sì wà lórí rẹ̀. Ọmọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n pè ní orúkọ ẹlòmíì. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, kò tiro. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ pápá, ó rí alága tó dúró ti kóòṣì, ó gbójú sókè sí ibi tí àwọn olólùfẹ́ jókòó sí, ó wá Tiwalọlá títí ó fi rí i. Kò mi orí. Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn wò ó, ó sì wọlé lọ.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé dìfẹ́ńdà tuntun náà ní àrùn lórúnkún, pé ó fẹ́ fi rẹ́ ẹgbẹ́ jẹ. Ẹgbẹ́ Ọ̀wọ̀ kò mú un. Ẹgbẹ́ Ifọ̀n pàápàá kò pè é mọ́.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni Olúgbádé pe ọmọ rẹ̀ sí pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Bọ̀dá Gbọ́lá sì wà níbẹ̀. “Mo wò ó,” ni ó wí. “Ọmọ dáadáa ni. Ó mọ bí a ṣe ń dúró. Ní báyìí tí kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pé, n kò ní ohun tí mo fẹ́ sọ mọ́. Kó wá iṣẹ́ míì. Gbọ́lá, lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀.”

Tiwalọlá sunkún, àwọn méjèèjì sì rò pé ayọ̀ ni. Kò lè sọ fún wọn pé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Zakariyah kò ti gbé ìpè òun. Ohun mìíràn tún wà tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá nítorí orúnkún yẹn nìkan ni òun fi la ẹnu, àbí níbì kan nínú ọkàn òun, òun ti mọ̀ pé bí bọ́ọ̀lù bá kúrò láàárín, bàbá òun yóò gbà. Ó wádìí ara rẹ̀ títí, kò lè búra sí apá kankan.

Bọ̀dá Gbọ́lá dé ọ̀dọ̀ Lábísí, ó sì padà pẹ̀lú ojú tó rẹ̀. Ó ní ìyá náà gba òun dáadáa, ó gbé omi fún òun, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ alága. Ṣùgbọ́n ọmọ ti lọ sí Imoru, sí oko ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ fún wọn kò gùn: kí wọ́n sọ fún Tiwalọlá pé inú kò bí òun, ṣùgbọ́n bí òun bá ti rántí rẹ̀, pátákó yẹn ni òun ń rí.

“Ẹ jẹ́ ká fún un láyè,” ni Bọ̀dá Gbọ́lá wí. “Ara rẹ̀ á rọ̀.”

Wọ́n fún un láyè. Òjò rọ̀ tán, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, Tiwalọlá ń wọ ọkọ̀ láti Ifọ̀n, ó sì ń jókòó níbikíbi tó bá ṣí sílẹ̀. Fúnmiọlá ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́nu kan ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ó sì tún ń dákẹ́ nígbà tó bá rí ojú ọmọ rẹ̀. Níkẹyìn, ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta kan, Tiwalọlá gun ọ̀kadà lọ sí Imoru láìsọ fún ẹnikẹ́ni àfi bàbá rẹ̀.

Àárín ebè ẹ̀gẹ́ ló ti rí Zakariyah. Ó ti dúdú sí i, èjìká rẹ̀ sì ti fẹ̀. Ó ru àpò ẹ̀gẹ́ kan lórí, ó sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko, ó ń rìn gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tí ara rẹ̀ le. Ó rí i, ó sọ àpò náà kalẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ó wí.

“Ẹ” tó fi sí i yẹn dun Tiwalọlá ju èébú lọ. “Mo wá tọrọ àforíjì,” ni ó wí.

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Dókítà tí mo lọ rí lẹ́yìn ìgbà yẹn ní bí mo bá tún gbá ọjọ́ kan péré sí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Òótọ́ lẹ sọ.”

“Kí ló wá dé, Zakariyah?”

Ó nu ojú pẹ̀lú apá ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀.

“Tiwa, mo mọ̀ pé ó máa parí. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó wọ pápá yẹn. Èmi ni mo fẹ́ sọ pé ó ti parí. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún bàbá rẹ, kí n ní, ẹ wò ó, mo gbá a dáadáa, mo sì ti fi í sílẹ̀ nítorí ọmọ yín. Mo ti ro bí màá ṣe sọ ọ́. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo ní láti mú wá fún yín nìyẹn, ẹ sì ti gbà á kí n tó dé.”

“Sọ ọ́ báyìí. Ó ṣì lè gbọ́ ọ.”

“Kò sí nǹkan tó kù tí mo lè fi sílẹ̀ mọ́.”

Tiwalọlá bẹ̀ ẹ́. Ó sọ gbogbo ohun tó ti ń dá sọ fún ara rẹ̀ láti oṣù wọ̀nyí, títí kan iyè méjì tó wà lọ́kàn rẹ̀, èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Zakariyah gbọ́ ọ tán. Ojú rẹ̀ rọ̀, ó tilẹ̀ na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká, ṣùgbọ́n ó dá a padà.

“Mo fẹ́ràn rẹ,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni màá máa wo ẹnu rẹ kí n tó sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ìwọ náà á máa wo ẹsẹ̀ mi. Kò ní dára fún wa.”

Ó bá a wá ọ̀kadà, ó ní kí ọlọ́kadà rọra máa lọ nítorí ọ̀nà náà kò dára. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò ẹ̀gẹ́ rẹ̀ rù, ó sì gba ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ. Tiwalọlá wò ó láti ẹ̀yìn ọ̀kadà títí ó fi yà.

Nígbà tó dé Ọ̀wọ̀, Olúgbádé jókòó sí iwájú ilé. Ọjọ́ eré ni, kò lọ. Ó dìde nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ tó ń wọlé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé e.

“Kí ló wí?”

Tiwalọlá bọ́ bàtà rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti kún. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

“Ó ń rìn dáadáa, Dádì.”

Bàbá rẹ̀ gbé àga rẹ̀, ó wọlé, Tiwalọlá sì tẹ̀ lé e wọlé, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bó iṣu.